Ìran John Parker, Àgbẹ̀ àti Balógun

Àgbẹ̀ ni John Parker tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìlú Lexington ní Massachusetts ni a gbé bí i ní ọdún 1729, nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń jọba lórí ilẹ̀ náà. Òun àti Lydia aya rẹ̀ bí ọmọ méje. Àwọn ará ìlú fi í ṣe balógun ẹgbẹ́ ọmọ ogun wọn, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí í gbé ìbọn nígbà tí ogun bá dé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù April, 1775, bí ikọ́ ẹ̀gbẹ tilẹ̀ ti ń jẹ ẹ́ run, ó to ènìyàn bí 77 sí gbangba ìlú níwájú ọmọ ogun ọba. Mẹ́jọ kú, Jonas Parker ìbátan rẹ̀ wà nínú wọn. Lọ́sàn-án ó kó ìyókù jọ, wọ́n sì ba de àwọn ọ̀tá lójú ọ̀nà Boston. Ikọ́ náà pa á ní oṣù September.

Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fo Prince Estabrook, ènìyàn dúdú, tí ìbọn bà nínú ẹgbẹ́ Parker ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ẹrú ni, òmìnira tí ó jà fún kò tíì jẹ́ tirẹ̀. Theodore Parker, ọmọ ọmọ balógun náà, tí a bí ní oko ìdílé wọn ní 1810, di oníwàásù ní Boston, ó sì bá òwò ẹrú jà gidigidi. Ní 1850, nígbà tí àwọn amẹ́rú wá Ellen Craft àti ọkọ rẹ̀ dé Boston, ilé rẹ̀ ni ó fi Ellen pamọ́ sí. Ìbọn bàbá bàbá rẹ̀ wà nínú yàrá ìwé rẹ̀. Nígbà tí ó kú ní 1860, ó fi í sílẹ̀ fún Massachusetts, wọ́n sì gbé e kọ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin.