Ìbẹ̀rẹ̀ àti Ìparí RNA: Ìtàn Ìwádìí lórí Fáírọ́ọ̀sì Ẹ̀wà kan, 1959 sí 2014

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí àwọn onímọ̀ ṣe wá mọ iṣẹ́ àwọn lẹ́tà tí kò ní purotéènì kankan nínú, ní ara fáírọ́ọ̀sì kan tí a kọ́kọ́ ròyìn ní Nàìjíríà.

Ní 1959 ni S. R. Chant tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn fáírọ́ọ̀sì ẹ̀wà ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn, tí à ń pè ní CPMV, a máa sọ ewé di alábàwọ́n ìyeyè. Àwọn kòkòrò ajẹwé ni ó sì ń gbé e kiri. Ní 1967, Bruening àti Agrawal fi hàn pé RNA rẹ̀ wà nínú èèpo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àti pé àfi kí méjèèjì pàdé kí àrùn tó lè ràn. Nígbà tí ó di 1983, a ti ka àwọn lẹ́tà RNA méjèèjì tán: ọ̀kan tó bí 5,900, èkejì tó bí 3,500.

Ìbéèrè àkókò náà ni pé, purotéènì wo ni lẹ́tà wọ̀nyí ń sọ? Àwọn lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí kò sọ ọ̀kankan, wọn kò sì ní ìdáhùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ní 2008, Sainsbury àti Lomonossoff, ní Norwich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, béèrè ohun mìíràn: purotéènì náà yóò ti pọ̀ tó? Wọ́n pa àmì ìbẹ̀rẹ̀ kan rẹ́ nínú lẹ́tà ìṣáájú RNA-2 tí wọ́n ń lò, purotéènì inú ewé sì pọ̀ sí i gidigidi. Ní 2014, Meshcheriakova, Saxena àti Lomonossoff yọ lẹ́tà ìparí kúrò, purotéènì dínkù. Wọ́n rí i pé ibi tí RNA ti ṣẹ́ po bí lẹ́tà Y ni ó kó ipa pàtàkì níbẹ̀.

Bí ìbà ti rí nínú ìjálá ni èyí rí. Ìbà kì í ṣe ìtàn ẹranko tàbí ti akọni, síbẹ̀ òun ni ó ń la ọ̀nà fún ohùn apìjálá.

Ní èrò tiwa, kì í ṣe pé lẹ́tà wọ̀nyí dákẹ́. Ìbéèrè wa ni kò kàn wọ́n. Irú àléébù bẹ́ẹ̀ wà nínú ìtàn tí a sọ yìí pàápàá. Ilé ìwádìí ni ó kún inú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ewé ẹ̀wà rẹ̀ pọ́n lóko kò sí níbẹ̀. Àwa òpìtàn ilẹ̀ yìí ni ó yẹ kí a béèrè tirẹ̀.