Òpó Gíga àti Ohùn Rédíò ní Èkó

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí òpó irin ilé iṣẹ́ rédíò bá ti ga tó ni ohùn rẹ̀ yóò ti lágbára tó. Ìtàn rédíò ní Èkó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbé rédíò wọ Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, wáyà ni ó ń gbé ohùn wọ ilé. Wọ́n ń gba ohùn B.B.C. láti Daventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń fi wáyà pín in fún àwọn tí ń san owó. Àpótí náà ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Onílé kò nílò àńtẹ́nà kankan.

Nígbà tí ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú ọ̀run wá, ìwọ̀n di dandan. Ẹ jẹ́ kí a fi Rédíò Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1977, ṣe àpẹẹrẹ. Ìgbì 990 kHz tí ó lò gùn tó mítà 303. Fún irú ìgbì bẹ́ẹ̀, òpó irin fúnra rẹ̀ ni àńtẹ́nà, ó sì yẹ kí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbì náà, èyí ni nǹkan bíi mítà 76. Bí a bá dín àńtẹ́nà kúkúrú kù sí ìlàjì, agbára tí ó fi ń tú ìgbì jáde yóò di ìdá kan nínú mẹ́rin. Níbi tí òpó mítà 76 ti lè tú ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ jáde, òpó mítà 15 lórí ilẹ̀ kan náà lè má tú ju ìdá kan lọ. Ìyókù yóò di ooru nínú ilẹ̀. Owó iná ti lọ, ohùn kò sì dé abúlé. Bẹ́ẹ̀ ni àgajù náà kò dára: bí òpó bá ju nǹkan bíi mítà 190 lọ, ojú ọ̀run ni púpọ̀ nínú agbára náà yóò gbà lọ.

Ní òde òní, orí 107.5 FM ni a ti ń gbọ́ Rédíò Èkó. Ìgbì yìí kò ju mítà 2.8 lọ, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70. Ìdí nìyí tí ará Màgódò, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà, fi lè fi okùn íápíìsì ṣe àńtẹ́nà fóònù rẹ̀. Síbẹ̀, ìgbì kúkúrú kì í fara mọ́ ilẹ̀ rìn jìnnà bí ti àtijọ́. Nítorí náà ni a ṣe ń gbé àńtẹ́nà kékeré gun orí òpó gíga, kí ohùn lè fo òrùlé kọjá.

Òpó àtijọ́ ni ó ń sọ̀rọ̀. Àkàbà lásán ni ti òde òní. Kí a tó fi gíga òpó díwọ̀n agbára, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bèèrè bí ìgbì rẹ̀ ti gùn tó.