Àwọ̀ Ìfarapamọ́ Lára Àwòṣe Táǹkì Ogun: Ohun Tí Ọ̀dà Lè Kọ́ Olùkọ́ Ìtàn

Ìfáárà

Nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kan ọkọ̀ ogun onírin àkọ́kọ́ láàrin ọdún 1915 sí 1916, wọn kò fẹ́ kí ọ̀tá gbọ́ nípa rẹ̀ rárá. Wọ́n ní kí a máa pè é ní táǹkì, kí ẹni tó bá gbọ́ lè rò pé ohun ìpọnmi ni wọ́n ń ṣe. Títí dòní, bí a bá dárúkọ táǹkì ní àdúgbò wa, èyí tí a ń rọ omi sí lẹ́yìn ilé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ rò. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, ìfarapamọ́ ni. Kí wọ́n tó fi ọ̀dà bo ọkọ̀ yìí ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ bò ó.

Nínú iṣẹ́ yìí, ọ̀dà náà ni a fẹ́ yẹ̀ wò. A ó sọ bí àwọ̀ ìfarapamọ́ ṣe dé ara táǹkì, a ó sì sọ bí àwọn tó ń to àwòṣe kékeré rẹ̀ ṣe ń kùn ún. Àwòṣe tí a ń sọ ni ère kékeré tí wọ́n fi ike ṣe, tí gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀ bá ti ojúlówó mu ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tí a fẹ́ fi yé àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó ń kọ́ olùkọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ kun àwòṣe táǹkì bó ṣe yẹ kò lè yẹ iṣẹ́ onímọ̀ ìtàn sílẹ̀: yóò wá ẹ̀rí, yóò yẹ ẹ̀rí náà wò, yóò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀rí àti àdàkọ ẹ̀rí.

Bí àwọ̀ ìfarapamọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọdẹ ilẹ̀ wa kò ní wọ aṣọ pupa lọ dẹ ìgbẹ́. Síbẹ̀, ṣòkòtò pupa ni àwọn ọmọ ogun Faransé wọ̀ lọ sójú ogun ní ọdún 1914. Ìbọn ayọ́tàpátapàta àti ọkọ̀ òfuurufú tó ń ṣọ́ni láti òkè ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Ní ọdún 1915, àwọn ọmọ ogun Faransé dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìfarapamọ́ nìkan. Ayàwòrán ni Guirand de Scévola tó ṣe olórí rẹ̀, ayàwòrán àti àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé sì pọ̀ láàrin àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀gà ni wọ́n fi ṣe àmì ẹ̀ka náà, ẹranko tí àwa náà mọ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà.

Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1916, táǹkì kọ́kọ́ jà ní Flers-Courcelette, lágbègbè odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. Ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Solomon J. Solomon ló ṣètò ọ̀dà aláràbarà tí wọ́n fi kun àwọn táǹkì àkọ́kọ́ wọ̀nyí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa ọ̀dà aláràbarà náà tì, nítorí ẹrẹ̀ ojú ogun bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, àwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò.

Ó yẹ kí a la ohun kan yé ara wa níbí. Àwọ̀ ìfarapamọ́ kì í ṣe àfẹ́ẹ́rí. Kì í mú kí táǹkì pòórá lójú ènìyàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gé ìrísí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ojú má lè tètè mọ ibi tí ara ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, tàbí apá ibi tó kọjú sí. Bí ọ̀tá bá ṣì ń rò ó wò, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó fi rò ó lè gba ẹ̀mí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ là.

Matilda nínú aṣálẹ̀

Àpẹẹrẹ tí a mú ni táǹkì Matilda ti àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, tó jà ní Íjíbítì àti Líbíà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ènìyàn mẹ́rin ló ń wọ inú rẹ̀. Irin iwájú rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 78, débi pé nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu àwọn ọmọ ogun Ítálì ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1940, ọta ìbọn tí àwọn ará Ítálì fi ń dojú kọ táǹkì kò lè wọ̀ ọ́.

Láti ọdún 1940 títí di nǹkan bí òpin 1941, irú ọ̀dà kan tí a mọ̀ mọ orúkọ Bìrìgédíà Caunter ni wọ́n fi ń kun àwọn táǹkì Gẹ̀ẹ́sì nínú aṣálẹ̀ náà. Ìlà gígùn gbọọrọ tó dagun ló wà lára rẹ̀, kò sí ìlà kọ́rọkọ̀rọ níbẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ló ní. Ti ìsàlẹ̀ jọ iyanrìn gbígbẹ. Èkejì ni wọ́n ń pè ní Silver Grey, ẹ̀kẹta sì ni Slate, tó dúdú ju èkejì lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fi èyí náà sílẹ̀, wọ́n padà sí àwọ̀ iyanrìn kan ṣoṣo.

Búlúù tí kò sí níbẹ̀

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa olùkọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kun àwòṣe Matilda máa ń fi búlúù bí ojú ọ̀run sí ipò Silver Grey. Wọn kò fi ọgbọ́n orí wọn dá a. Ojúlówó Matilda tí wọ́n tún kùn fún àfihàn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò, búlúù sì ni wọ́n fi kun òun náà. Ìwé àwòrán wo táǹkì náà yà, páálí àwòṣe wo ìwé yà, akùnwòṣe wo páálí kùn. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ti tàn kálẹ̀, ẹni tó bá kùn ún bó ṣe yẹ ni wọn yóò sọ fún pé kò mọ̀ ọ́n kùn.

Àwọn olùwádìí tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò kò dúró lórí ohun tí ojú rí nínú ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n padà sí àṣẹ tí àwọn ológun kọ sílẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì padà sí ìwé àpẹẹrẹ àwọ̀ tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe òdiwọ̀n ọ̀dà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé Silver Grey kì í ṣe búlúù. Eérú tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Kí ló dé tí fọ́tò ìgbà ogun kò fi yanjú ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀? Dúdú àti funfun ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ àti eérú fẹ́ẹ́rẹ́ lè rí bákan náà. Fọ́tò lè sọ ibi tí ìlà gbà fún wa, àti èyí tó dúdú ju ara wọn lọ. Kò lè sọ orúkọ àwọ̀. Ẹ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó lè jẹ́rìí sí àti ohun tí agbára rẹ̀ kò ká.

Ọjọ́ tún ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kejì ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Jámánì fi àwọ̀ eérú dúdú tí wọ́n ń lò sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun táǹkì wọn ní yẹ́lò tó ṣókùnkùn. Wọ́n wá ń kó ọ̀dà kíki aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ilẹ̀ fún àwọn tó ń wa táǹkì, kí wọ́n fúnra wọn pò ó, kí wọ́n sì fi kùn ún bí ibi tí wọ́n wà bá ṣe rí. Nítorí náà, akùnwòṣe tó sọ pé táǹkì Jámánì lòun ń kùn kò tíì sọ nǹkan kan. Ọdún wo? Oṣù wo? Níbo?

Bí a ṣe ń kùn ún

Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù fún irú àwòṣe yìí ni 1/35. Ilé iṣẹ́ Tamiya ní ilẹ̀ Japan ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n ṣe àwòṣe táǹkì kan ní ìwọ̀n tí bátìrì yóò fi lè wọ inú rẹ̀. Ní ìwọ̀n yìí, Matilda kò ju sẹ̀ǹtímítà 16 lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gùn ju bírò lọ.

A ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ ike náà kí òróró ilé iṣẹ́ lè kúrò, nítorí ọ̀dà kì í lẹ̀ mọ́ òróró. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀dà ìpìlẹ̀, kí àwọ̀ iyanrìn tó tẹ̀ lé e. Bó bá gbẹ tán, a ó gé téèpù bébà, irú èyí tí àwọn tó ń kun mọ́tò fi ń bo gíláàsì, a ó fi fa ìlà tó dagun, a ó sì kun Silver Grey sí àárín. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún Slate. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dáadáa máa ń kán ọ̀dà funfun díẹ̀ sí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí ohun tó wà lókèèrè máa ń ṣì lójú ju èyí tó wà nítòsí lọ. Ìparí ni eruku: aṣálẹ̀ kò jẹ́ kí táǹkì kankan mọ́ tónítóní.

Ìwúlò rẹ̀ nínú kíláàsì

A mọ̀ pé àwòṣe ike wọ́n, ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa kò sì ní owó rẹ̀. Páálí tó. Àbá mẹ́ta ni a mú wá.

Èkíní, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi páálí ṣe táǹkì méjì ní ìwọ̀n 1/35, kí wọ́n kun ọ̀kan ní àwọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n kun èkejì ní ìlà Caunter. Kí wọ́n gbé méjèèjì sórí pápá, kí wọ́n sún sẹ́yìn ní mítà 20. Mítà 20 sí àwòṣe dọ́gba pẹ̀lú mítà 700 sí ojúlówó. Kí wọ́n wá kọ ohun tí ojú wọn rí sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ìwé sọ.

Èkejì, kí olùkọ́ ya fọ́tò àwọn páálí náà ní dúdú àti funfun, kó fi han kíláàsì mìíràn tí kò rí wọn rí, kí àwọn yẹn sọ àwọ̀ tí wọ́n rò pé ó wà níbẹ̀. Àṣìṣe wọn ni ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ orísun ẹ̀rí rẹ̀ sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan: ìwé àṣẹ, fọ́tò, tàbí àwòrán tí ẹlòmíràn yà.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ni ti wa nínú táǹkì Gẹ̀ẹ́sì. Matilda ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ olólùfẹ́ káàkiri ayé tó ń yẹ ọ̀dà rẹ̀ wò lójoojúmọ́, síbẹ̀ búlúù èké wà lára rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn bàbá wa wà nínú ogun kan náà. Wọ́n jà ní Bọ́mà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Aláǹtakùn dúdú lórí yẹ́lò ni àmì ẹgbẹ́ 81, wọ́n mú un láti inú ìtàn Ànáńsí. Mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ló lè yà á láìwo àdàkọ? Bí àṣìṣe bá wọ ìtàn tiwọn, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò?

Ìkádìí

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ lọ́wọ́ wa lónìí yóò kọ́ ọmọ fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Bí a bá fún un ní búlúù, búlúù ni yóò máa fún wọn. Kì í ṣe pé a fẹ́ kí ó mọ gbogbo àwọ̀. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé, kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, kó bèèrè ẹni tó sọ pé àwọ̀ náà nìyí, àti ibi tí onítọ̀hún ti rí i.