Wáìnì Àdánidá àti Àjàrà Ìbílẹ̀ ní Ítálì

Wáìnì àdánidá ni wáìnì tí a fi èso àjàrà nìkan ṣe, tí ẹni tó ṣe é kò bu nǹkan mọ́ ọn, tí kò sì yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀ àfi tó bá di dandan. Nínú oko, wọn kì í lo oògùn apakoríko. Bàbà àti imí ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fín sí ewé kí àrùn má baà mú un. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ká èso. Wọn kì í ra ìwúkàrà lọ́jà: èyí tó wà lára èèpo àjàrà àti nínú ilé ìpọntí ló ń mú kí omi èso hó, bí ẹmu ṣe ń hó fúnra rẹ̀ láti ìdí ọ̀pẹ.

Òfin Ítálì kò sọ ohun tí orúkọ yìí túmọ̀ sí. Àwọn oníṣẹ́ náà ló ń ṣòfin fún ara wọn. Nínú VinNatur, ẹgbẹ́ tí Angiolino Maule ti Gambellara ṣe agbátẹrù ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 2006, sọ́fáìtì, èròjà tí kì í jẹ́ kí wáìnì bàjẹ́, inú lítà wáìnì funfun kan kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ, ti pupa kò gbọdọ̀ ju 30. Òfin Yúróòpù gba 200 àti 150 láàyè fún wáìnì tí kò dùn.

Irú àjàrà ìbílẹ̀ tó wà ní Ítálì lé ní 300. Síbẹ̀, ní ìparí ọ̀rúndún ogún, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ gbin Chardonnay, Merlot àti Cabernet ilẹ̀ Faransé, torí àwọn lọjà àgbáyé mọ̀. Àmọ́ àjàrà tó ti pẹ́ nílẹ̀ kan ti mọ oòrùn àti òjò ibẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò àtúnṣe. Nerello Mascalese, lórí òkè ayọnáyèéfín Etna, kì í tètè pọ́n. Inú òtútù òkè ni wọ́n ti ń ká a nínú oṣù Ọ̀wàwà, ìkan rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ fi kún un?

Oslavia, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà Slovenia, ni ọ̀rọ̀ àjàrà ìbílẹ̀ yìí ti hàn jù. Ní 1987 ni Josko Gravner, oníṣẹ́ wáìnì kan níbẹ̀, lọ sí Kalifọ́níà. Ó ti di gbajúmọ̀ nígbà náà fún wáìnì funfun tó ń ṣe nínú àgbá igi ilẹ̀ Faransé, ṣùgbọ́n ohun tó tọ́ wò níbẹ̀ já a kulẹ̀: ohun àfikún ti pọ̀ jù nínú ọtí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìmọ̀ ẹ̀rọ nù díẹ̀díẹ̀. Ní 2000 ó dé orílẹ̀-èdè Jọ́jíà, níbi tí wọ́n ti ń pọn wáìnì nínú ìkòkò amọ̀ ràgàjì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Nígbà ìkórè 2001, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló lò nílé. Ribolla Gialla, àjàrà ìbílẹ̀ Oslavia, nípọn léèpo, inú èèpo náà sì ni agbára rẹ̀ wà. Gravner fi omi èso sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo àti kóró fún oṣù púpọ̀, kó tó gbé e sínú àgbá igi ńlá fún ọdún mẹ́fà. Wáìnì funfun yìí pọ́n bí oyin, ó sì ń fa ahọ́n. Níkẹyìn, ó fa Chardonnay, Sauvignon àti Pinot Grigio rẹ̀ tu. Aládùúgbò rẹ̀, Stanko Radikon, tó kú ní 2016, ti ń fi omi Ribolla sílẹ̀ pẹ̀lú èèpo láti 1995.

Ní gúúsù Sísílì, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta dá ilé ìpọntí COS sílẹ̀ ní 1980, wọ́n sì gbé Frappato, àjàrà ìbílẹ̀ ibẹ̀, ga. Arianna Occhipinti, ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ọ̀kan nínú wọn, tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn. Ní Abruzzo, láti 1964 ni ilé ìpọntí Emidio Pepe ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ àjàrà Trebbiano, tó sì ń jẹ́ kí wáìnì dàgbà nínú ìgò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹni tó bá ní gbogbo wáìnì àdánidá ló dára kò tíì mu púpọ̀. Òmíràn a máa kan bí ọtí kíkan, òmíràn a máa fi òórùn eku sílẹ̀ lẹ́nu, ẹni tó ṣe é kò sì gbọdọ̀ fi orúkọ àdánidá bo àìmójútó. Ṣùgbọ́n gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìgò kì í ṣe àbùkù. Torí àwọ̀ wọn àti irú gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbìmọ̀ atọ́wò máa ń kọ̀ láti fún ọ̀pọ̀ wáìnì àdánidá ní DOC, àmì tó ń jẹ́rìí sí ibi tí wáìnì ti wá, ìdí nìyí tí ìgò Radikon fi ń jáde lábẹ́ orúkọ agbègbè gbogbogbòò, Venezia Giulia.