Ìfé Ẹnu ní Ilẹ̀ Áyálándì

Bí ènìyàn bá wọ ilé ìkàwé Trinity College ní ìlú Dublin, yóò rí dùùrù àtijọ́ kan nínú àpótí gíláàsì, èyí tí àwọn ará Áyálándì ń fi orúkọ Brian Boru, ọba wọn ìgbà láéláé, pè, tí ìjọba wọn sì fi àwòrán rẹ̀ ṣe àmì orílẹ̀-èdè. Bí ó bá sì bi àwọn awalẹ̀pìtàn léèrè, wọn yóò sọ fún un nípa àwọn fèrè tí a fi eegun ẹran ṣe, tí wọ́n hú jáde ní High Street ní ìlú kan náà, tí ó sì ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá. Dùùrù ní igi, fèrè ní eegun, nítorí náà ni ìtàn wọn kò fi parun. Ṣùgbọ́n orin kan wà láàrin àwọn ènìyàn wọ̀nyí tí kò ní igi, tí kò ní eegun, tí kò ní awọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè hú nínú ilẹ̀, tí a kò sì lè gbé kọ́ ara ògiri. Ìfé ni, ìfé tí a fi ètè lásán sú. Nítorí pé kò fi ẹ̀rí sílẹ̀, àwọn tí ń kọ ìtàn orin ilẹ̀ náà a máa yára kọjá lórí rẹ̀, wọn a sì fi ojú ewé púpọ̀ fún dùùrù tí àwọn ọlọ́lá ń gbọ́ nínú ààfin wọn.

Àwọn ará Áyálándì kì í ṣe àjòjì pátápátá sí wa, nítorí láti ìlú Cork ni púpọ̀ nínú àwọn fáda Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA tí ó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá ti gbéra. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Irú ojú bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ìfé àwọn ará Cork àti ti gbogbo Áyálándì, pé àìrí fáyólìn ni ó mú wọn máa fi ẹnu fé. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà tí ó dá dúró ni ìfé jẹ́, ó ní ibi tí ó ti jọba tí ohun èlò kankan kò lè bá a dé, nígbà tí ibẹ̀ sì bàjẹ́ ni òun náà tó di ẹni àwátì.

Kí òǹkàwé má baà rò pé ìfé ọmọdé tí ń ti oko bọ̀ ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wí bí iṣẹ́ náà ti rí. Asúfèé a ká ètè rẹ̀ jọ ṣóńṣó, a sì fi ahọ́n darí afẹ́fẹ́. Bí ahọ́n bá sún síwájú tí àyè inú ẹnu kéré, ohùn a lọ sókè, bí ó bá fà sẹ́yìn tí àyè náà gbòòrò, ohùn a wálẹ̀. Ó rọrùn láti sọ, ṣùgbọ́n orin ijó Áyálándì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ríìlì, tí ó ti Scotland wọ ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, yára púpọ̀. Jíìgì a máa ta ẹsẹ̀ ní mẹ́ta-mẹ́ta. Apá méjì ni orin kọ̀ọ̀kan sì sábà máa ń ní, tí a ń tún apá kọ̀ọ̀kan sọ lẹ́ẹ̀mejì, kí a tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀ láìdúró, nítorí ohun tí ó kan oníjó ni ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀, kò kàn án bóyá èémí ti tán nínú olórin. Níbi tí afọnfèrè ti ń fi ìka ta ohùn kéékèèké sí àárín orin láti fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ahọ́n àti ọ̀fun ni asúfèé fi ń ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àǹfààní kan tí afọnfèrè kò ní: ó lè súfèé bí ó ti ń fa èémí wọlé, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe nígbà tí ó ń mí jáde, ẹni tí ó bá sì gbọ́n ọgbọ́n yìí dé ojú àmì lè mú ríìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí olùgbọ́ má mọ ibi tí ó gbé mí.

Ìtàn kan gbajúmọ̀ nípa orin ẹnu ilẹ̀ náà, pé nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ni àwọn ènìyàn lára, wọ́n fi òfin de gbogbo ohun èlò orin, ni àwọn ènìyàn bá fi ẹnu wọn rọ́pò. Ìtàn náà dùn létí, ó sì bá ìbínú tí ó tọ́ mu, ṣùgbọ́n kò tẹ́ mi lọ́rùn. Arthur Young, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jẹ́ onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, rin ilẹ̀ Áyálándì já láàrin 1776 sí 1779; nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1780, ó ròyìn pé ijó gbilẹ̀ láàrin àwọn tálákà dé ahéré gbogbo, pé àwọn olùkọ́ ijó ń ti ahéré kan bọ́ sí èkejì pẹ̀lú onífèrè alápò tàbí afọ́jú kan tí ń ta fáyólìn, àti pé sísì kan ni owó wọn ní oṣù mẹ́ta. Bí òfin bá ti pa ohun èlò rẹ́, níbo ni àwọn wọ̀nyí ti rí tiwọn? Ohun tí ìròyìn Young fi yé mi ni pé olórin ń bọ̀, olórin sì ń lọ. Bí ó bá ti ń lọ, fáyólìn rẹ̀ a bá a lọ, ṣùgbọ́n orin tí ó kọ́ àwọn ènìyàn ṣì wà ní etí wọn, ó sì yẹ kí ẹnìkan tọ́jú rẹ̀ títí olórin yóò fi tún ọ̀nà náà gbà. Ẹnu ni ó tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan a fi ohùn kọ ọ́ láìfi ọ̀rọ̀ gidi kan sí i, èyí tí wọ́n ń pè ní portaireacht; àwọn mìíràn a súfèé rẹ̀. Ìfé, orin tálákà, dúkìá aláìnídúkìá: olè kò lè jí i gbé, onílẹ̀ kò lè fi í gba owó ilẹ̀, ẹni tí ó bá sì wọ ọkọ̀ òkun kò ní san owó ẹrù lé e lórí.

Ṣùgbọ́n oko ni ìfé ti gba oyè. Patrick Weston Joyce, tí a bí ní 1827 ní Ballyorgan, lẹ́bàá òkè Ballyhoura ní agbègbè Limerick, tí ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ títí ó fi di àgbà ọ̀jẹ̀ láàrin àwọn òpìtàn ilẹ̀ rẹ̀, kọ ìwé ńlá kan ní 1903 nípa ìgbé-ayé àwọn ará Áyálándì àtijọ́. Níbẹ̀ ni ó ti ròyìn pé, gẹ́gẹ́ bí àwọn obìnrin ti ń kọrin fún màlúù nígbà tí wọ́n bá ń fún wàrà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkùnrin tí ń fi ẹṣin túlẹ̀ ń súfèé fún ẹṣin wọn. Ìfé náà kì í yára. Ó lọ́ra, ó ní ìbànújẹ́ nínú, ó sì rí bí ohun tí kò tíì gba ẹ̀kọ́, síbẹ̀ ó ń tu ẹṣin lára nínú iṣẹ́ àṣelàágùn. Joyce kò gbọ́ èyí lẹ́nu ẹlòmíràn. Nígbà tí ó wà ní ọmọdé, a máa tẹ́tí sí ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Phil Gleeson, tí ń súfèé lẹ́yìn ohun ìtúlẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ní ìgbà ìrúwé, adùn rẹ̀ sì wọ ọmọ náà lára débi pé nígbà tí ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, kò gbàgbé orúkọ àgbẹ̀ náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé yóò kà. Nínú gbogbo ìwé tí mo mọ̀ lórí orin ilẹ̀ yìí, kò sí ibi tí ó tún wù mí ju èyí lọ.

Ẹ wo ipò tí Gleeson wà. Ọwọ́ méjèèjì rẹ̀ wà lórí ohun ìtúlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú poro, ojú rẹ̀ ń wo bí ebè ti tọ́ sí. Bí ẹnìkan bá fún un ní fèrè wúrà, kí ni yóò fi mú un? Kò súfèé nítorí pé kò lówó ra ohun èlò. Ó súfèé nítorí pé nínú iṣẹ́ náà, ìfé nìkan ni ó lè dún, tí ẹṣin tí ó wà níwájú lè gbọ́, tí kò sì ní dá iṣẹ́ dúró. George Petrie, tí ó tẹ àkójọ orin Áyálándì jáde ní 1855, fi orin ìtúlẹ̀ sí i, pẹ̀lú àlàyé láti ọ̀dọ̀ Eugene O'Curry, ọmọ agbègbè Clare tí ó mọ ìṣe àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀, àmì orin tí a fi yíǹkì kọ lè sọ fún ni ibi tí ohùn gùn dé, kò lè sọ bí afẹ́fẹ́ ti ń jáde láàrin ètè, tàbí bí asúfèé ti ń fa ohùn kan gùn nígbà tí ó bá rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ le tí ẹṣin fẹ́ dúró.

Joyce sọ ọdún tí ìfé ìtúlẹ̀ wọ́pọ̀ dé: 1847. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Áyálándì kò ní béèrè ìdí rẹ̀. Ní 1845 ni àrùn kọlu ànàmọ́ òyìnbó, tí ó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ àwọn tálákà. Ní 1846 ó ba èyí tí ó pọ̀ jù nínú irè oko jẹ́. Nígbà tí yóò fi di 1847, tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọdún dúdú, òkú ń sùn ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ènìyàn bí mílíọ̀nù 1 kú, ó sì lé ní mílíọ̀nù 1 tí ó fi ilẹ̀ baba wọn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé ní mílíọ̀nù 8 ní ìkànìyàn 1841 kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5 lọ ní 1851. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Petrie, nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, ṣọ̀fọ̀ bí orin ti dákẹ́ lójijì nínú pápá gbogbo. Kì í ṣe àwọn asúfèé nìkan ni ó lọ. Lẹ́yìn ìyàn náà, àwọn onílẹ̀ lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kéékèèké kúrò, wọ́n sì sọ ilẹ̀ oko di pápá ìjẹko fún màlúù àti àgùntàn. Níbi tí a kò bá ti túlẹ̀ mọ́, ìfé ìtúlẹ̀ kò ní iṣẹ́ tí yóò ṣe.

Àwọn tí ó ṣí lọ gbé orin dání nínú orí. Francis O'Neill, tí a bí ní 1848 ní Tralibane, nítòsí Bantry ní agbègbè Cork, di ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Chicago láti 1901 sí 1905; kò mọ orin kọ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kún fún orin tí ó ti gbọ́ láti kékeré, ọlọ́pàá ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, James O'Neill, ọmọ agbègbè Down, ni ó sì ń bá a kọ wọ́n. Àkójọ wọn ti 1903 ní orin 1,850 nínú. Nílé, ohun mìíràn ti ń gba àyè ìfé: láti 1843 ni Robert Clarke, òṣìṣẹ́ oko ará Suffolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi páànù ṣe fèrè olówó pọ́ọ́kú, fèrè páànù yìí sì tàn ká Áyálándì débi pé lónìí, bí a bá dárúkọ fèrè ilẹ̀ náà, òun ni ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rí.

Èèwọ̀ sì yí ìfé ká. Àwọn àgbà tiwa a máa kìlọ̀ fún ọmọdé pé kí ó má súfèé lóru, kí ó má baà pe ejò wọlé. Ní Áyálándì, apẹja ni wọ́n ń kìlọ̀ fún, pé kí ó má súfèé nínú ọkọ̀, kí ó má baà pe ìjì. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wúwo jù ni ti obìnrin. Òwe kan tí àwọn àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì jọ ń pa fi obìnrin tí ń súfèé wé àgbébọ̀ tí ń kọ bí àkùkọ, ó sì ní ẹnikẹ́ni kò fẹ́ èyíkéyìí nínú wọn. Àwọn ìyá a sì máa sọ fún ọmọbìnrin pé bí ó bá súfèé, Màríà Wúńdíá yóò sunkún. Bẹ́ẹ̀, ìyìn ni ti ọkùnrin. Percy French, tí ó kú ní 1920, fi Phil McHugh asúfèé ṣe orin; lẹ́yìn rẹ̀ ni Leo Maguire, akọrin àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ní Dublin, kọ orin arìnrìn-àjò asúfèé kan tí gbogbo ayé tí ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Nínú orin wọ̀nyí, asúfèé ni àyànfẹ́, tí ọmọbìnrin ń fẹ́. Ohun tí ó jẹ́ ẹwà lẹ́nu ọkọ di ìtìjú lẹ́nu ìyàwó, èmi kò sì rí ọgbọ́n kankan nínú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní 1935, ìjọba Áyálándì ṣe òfin gbọ̀ngàn ijó, pé kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ ṣí ibi ijó fún gbogbo ènìyàn láìgba ìwé àṣẹ. Àwọn àlùfáà àti àwọn ọlọ́pàá sì lò ó láti tú ijó inú ilé ká ní ọ̀pọ̀ abúlé, àní níbi tí kò sí olórin mìíràn ju ẹni tí ó lè fi ẹnu kọ ríìlì. Nígbà tí ó di 1951, ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Comhaltas Ceoltóirí Éireann dìde láti gba orin àbáláyé là, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìdíje, Fleadh Cheoil, ní ìlú Mullingar. Láàrin ìdíje fáyólìn, fèrè àti dùùrù, wọ́n ní àyè fún portaireacht, wọ́n sì ní àyè fún feadaíl, ìyẹn ìfé ẹnu. Ẹgbẹ́ náà ṣe ohun rere, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi bò pé ríìlì àti jíìgì ni ìfé tí ó kù fún wọn. Ìfé ọlọ́ra tí ń tu ẹṣin lára kò rí ilé mọ́, nítorí adájọ́ kì í ṣe ẹṣin.

Wexford ni wọ́n ti ṣe àjọ̀dún náà ní 2024 àti ní 2025, ọmọbìnrin àti ọmọkùnrin sì jọ ní ẹ̀tọ́ láti súfèé níwájú adájọ́ kan náà, láìka òwe àgbébọ̀ sí. Ẹni nínú ẹ̀yin òǹkàwé tí ọ̀nà rẹ̀ bá já sí Áyálándì ní oṣù kẹjọ ọdún, tí ó sì dé ìlú tí Fleadh bá bọ́ sí, kí ó má ṣe bá èrò dúró nídìí àwọn ẹgbẹ́ olórin tí ń yan ní òpópónà nìkan. Kí ó béèrè yàrá tí wọ́n ti ń díje ìfé, kí ó wọlé, kí ó sì tẹ́tí.