Láti Gbà-máà-bínú sí Ẹ̀tọ́: Òfin Ìfarapa Lẹ́nu Iṣẹ́ àti Òṣìṣẹ́ Àgùdà

Gbà-máà-bínú ni Yorùbá ń pe owó tí a fi ń tu ẹni tí a ṣẹ̀ nínú. Orúkọ náà ti sọ ohun mẹ́ta pọ̀: ẹnì kan ṣẹ̀, ẹnì kan ń bínú, ẹni tó ṣẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ ní ìka, orúkọ yìí kan náà ni a ń pe ohun tí ọ̀gá bá fún un, bí ẹni pé inú àánú ọ̀gá ni owó náà ti jáde. Ìtàn òfin ní Èkó fi hàn pé ìrìn-àjò láti àánú dé ẹ̀tọ́ gba ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àgùdà ní Surulere, níbi tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ti jọ ń gbé, jẹ́ àdúgbò tí a lè fi díwọ̀n ibi tí ìrìn-àjò náà dé.

Ní 1863, ọdún 2 lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, ni wọ́n fi àṣẹ gbé òfin ilẹ̀ wọn wọ ìlú náà. Lára ohun tó bá òfin náà wọlé ni ìlànà tó jẹ yọ nínú ẹjọ́ Priestley v. Fowler ti 1837. Ọmọ iṣẹ́ alápatà kan fara pa nígbà tí ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n di ẹran kún jù dà wó. Ilé-ẹjọ́ ní ọ̀gá rẹ̀ kò jẹ ẹ́ ní gbèsè kankan. Láti ibẹ̀ ni àwọn adájọ́ ti fà á yọ pé bí ẹlẹgbẹ́ ẹni lẹ́nu iṣẹ́ bá ṣeni léṣe, ọwọ́ ọ̀gá mọ́, nítorí ẹni tó gba iṣẹ́ ti gba ewu inú rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rélùwéè bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896, òṣìṣẹ́ tí irin bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kò lè rí nǹkan gbà nílé-ẹjọ́ láìjẹ́ pé ó fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹbí rẹ̀ ni yóò gbé ẹrù náà.

Jámánì ti ṣe òfin adójútòfò fún ìfarapa òṣìṣẹ́ láti 1884. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tirẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1941 ni Nàìjíríà tó rí irú rẹ̀ gbà. Òfin 1941 mú ìyípadà ńlá wá: bí jàǹbá bá ti ara iṣẹ́ wá, tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, òṣìṣẹ́ kò ní láti fi hàn mọ́ pé ọ̀gá jẹ̀bi kó tó gba owó. Síbẹ̀, ọrùn ọ̀gá ni sísan náà wà. Bí ọ̀gá bá kọ̀, ilé-ẹjọ́ ni ọ̀nà tó kù, àwọn àgbà sì ti ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹni tó bá pe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ mọ̀ pé iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ òun.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń pọ̀ sí i ní ẹ̀gbẹ́ Surulere. Ní 1949 ni ìgò ọtí àkọ́kọ́ jáde ní Iganmu, tí kò jìnnà sí Àgùdà. Láti 1955, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí Surulere. Òfin tuntun ti 1987 kò kúrò lójú ọ̀nà ti 1941. Owó oṣù 42 ni ó yàn fún àwọn tí òkú òṣìṣẹ́ ń bọ́, ó sì yan ti oṣù 54 fún ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń ṣírò rẹ̀. Bí owó náà bá tán, ó tán. Òfin náà sì yọ àwọn kan sílẹ̀, bí ìbátan ọ̀gá tó ń gbé inú ilé rẹ̀.

Òfin Employees' Compensation Act, tí a fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2010, ló pa ti 1987 rẹ́. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa san ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Inú àpò yìí, kì í ṣe inú àpò ọ̀gá, ni owó ẹni tó fara pa ti ń jáde. Bí òṣìṣẹ́ bá kú, tó sì fi opó àti ọmọ 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni a ó máa san fún wọn lóṣooṣù. Ẹni tí àjọ kò bá tẹ́ lọ́rùn lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé National Industrial Court, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ iṣẹ́.

Ìtumọ̀ tí òfin náà fún òṣìṣẹ́ ló kan Àgùdà jù. Ó ka ọmọ iṣẹ́, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ìbátan ọ̀gá mọ́ ọn, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn. Jàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà láti ilé sí ibi iṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní àsìkò: láàárín ọjọ́ 14 ni ẹni tó fara pa gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá tàbí alábòójútó, láàárín ọjọ́ 7 ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó àjọ létí, láàárín ọdún 1 sì ni ìbéèrè fún owó gbọ́dọ̀ wọlé.

Ibí yìí ni orúkọ àtijọ́ ti ń pa ẹ̀tọ́ tuntun lára. Ọmọ iṣẹ́ wẹ́dà tí iná ta sí lójú lè gba owó oògùn lọ́wọ́ ọ̀gá, kí ó dúpẹ́, kí ó sì dákẹ́, nítorí ó gbà pé bíbéèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ dà bí ẹni tó ń bá ọ̀gá jà. Òfin kò ní kó bínú, kò sì ní kí ọ̀gá bẹ̀bẹ̀. Ohun tó ní kó ṣe ni pé kó sọ ọ́ kí ọjọ́ 14 tó pé.