Omi Gbígbóná ní Kìṣí

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ láti ìhà àríwá wọ Òkè-Ògùn, kò sí ẹni tí yóò fi omi tútù wẹ̀ ní Kìṣí láàárọ̀ kùtùkùtù, àfi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bá fẹ́ ṣe fáàrí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Kò sí igbó dídí tí yóò dá afẹ́fẹ́ náà dúró. Àwọn òpìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ogun, nípa ọba, àti nípa bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Wọn kò kọ tó bẹ́ẹ̀ nípa ohun tí àwọn ará agbègbè náà fi ń gbé omi kaná. Lójú tèmi, ìtàn ni ìyẹn náà, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ìdí tí ohun èlò kan fi ń pẹ́ tí òmíràn kì í fi í pẹ́, ó ti mọ ohun púpọ̀ nípa àwọn tí ń lò ó.

Arúgbó ń lo omi gbígbóná, ẹni tí ó fẹ́ ṣe àlùwàlá ní ìdájí ń lò ó, ṣùgbọ́n abiyamọ tuntun ni ó ni ín. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í fi omi tútù wẹ ìyá ọmọ tuntun. Ìyá àgbà ni yóò jí dáná, òun ni yóò ti ọwọ́ bọ omi wò kí ó tó kan ara ọmọ. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, omi yẹn lè ti ọ̀nà jíjìn wá lórí obìnrin. Bí ìkòkò bá sán lórí ààrò, omi dànù, iná kú, abiyamọ sì jókòó sínú òtútù. Nítorí náà, yíyan ìkòkò omi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré.

Amọ̀ ni ó kọ́kọ́ wà. Àwọn obìnrin ni amọ̀kòkò, wọn kì í sì í fi amọ̀ nìkan mọ ìkòkò ìdáná. Wọn a lọ àpáàdì, tàbí kí wọ́n bu iyanrìn, kí wọ́n pò ó mọ́ ọn, kí ooru lè rí ibi fẹjú sí láìfọ́ ọ. Ìdí ìkòkò náà a rí roboto, nítorí pé igun ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í la amọ̀. Nígbà tí Frank Willett ṣe ìwádìí ní ahoro Ọ̀yọ́-Ilé, tí kò jìnnà sí Kìṣí, ní 1956 àti 1957, àpáàdì wà lára ohun tí ó fi ka ìtàn ìlú náà. Àwa ń sọ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ a kọ́kọ́ gbóná. Ẹni tí ó pa òwe yìí ti jókòó ti amọ̀kòkò rí. Lọ́jà, olùrà a fi ìka kan ìkòkò, a sì tẹ́tí. Bí ó bá dún gooro, ó yè. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ó ti sán níbi tí ojú kò rí.

Kìṣí wà lójú ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Richard àti John Lander gbà kọjá lọ sí Kaiama ní 1830. Ohun tí ó bá sì gba ọ̀nà wọ ìlú kì í pẹ́ kí ó tó dé ìdí ààrò. Ìkòkò irin dé: bí ó bá bọ́ lọ́wọ́, kì í fọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a máa dógùn-ún, omi a sì pọ́n. Garawa dé: ó fúyẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ ni ó sì kọ́kọ́ ń lu. Lẹ́yìn náà ni ìkòkò álúmíníọ̀mù tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń yọ́ láti inú àlòkù ẹ̀rọ. Òun kì í dógùn-ún, ó sì ń tètè gbóná. Àbùkù rẹ̀ ni pé eérú tí àwọn obìnrin wa fi ń fọ ìkòkò ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iná mànàmáná dé, a rí irin kékeré tí a ń tì bọ inú korobá. Ẹfun inú omi kànga a bò ó, ooru a há sínú rẹ̀, yóò sì jó. Ohun tí ó burú jù ni pé ẹni tí ó bá ti ọwọ́ bọ omi kí ó tó yọ wáyà lára ògiri lè kú. Èmi kò fẹ́ràn ohun èlò yìí, n kò sì ní fi pamọ́.

Nínú gbogbo wọn, ohun kan kò yí padà: ibi tí iná ti pàdé omi ni ohun èlò ti ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ ọ̀nà mìíràn. Bí òrí bá dì nínú igbá lásìkò ọyẹ́, kò sí ẹni tí yóò gbé igbá lé iná. A ó gbé igbá náà sínú omi gbígbóná, òrí yóò sì yọ́. Iná kò rí igbá, omi kò dàpọ̀ mọ́ òrí, ooru nìkan ni ó kọjá.

Ọgbọ́n yìí gan-an ni ó wà nínú táǹkì omi gbígbóná tí wọ́n ń so mọ́ bọ́ílà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Àwọn òyìnbó náà ti kọ́kọ́ gbé iná tọ omi tààrà: Benjamin Waddy Maughan ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ ní London ní 1868, Edwin Ruud sì ṣe táǹkì oníná tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1889. Nínú irú èyí tí mo ń sọ, bọ́ílà ń gbé omi kan gbóná; omi náà ń gba inú páìpù tí a ká bí ejò kọjá nínú táǹkì; omi tí a ó fi wẹ̀ wà lóde páìpù, ó ń gba ooru rẹ̀. Omi inú páìpù kì í yí padà. Ẹfun inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ mú irin dógùn-ún díẹ̀, òun náà tán. Omi ìwẹ̀ ni ó ń wọlé lákọ̀tun lójoojúmọ́, nítorí náà ara táǹkì ni ìjà bọ́ sí.

Ọmọ Kìṣí kan tí ó ń gbé London bi mí léèrè irú táǹkì tí ó lè pẹ́. Mo ní kí ó kọ́kọ́ yẹ omi ilé rẹ̀ wò. Bàbà dára, àmọ́ omi tí ó bá kan díẹ̀ ń jẹ ẹ́. Irin tí kì í dógùn-ún ni ó sábà máa ń pẹ́ jù, ṣùgbọ́n omi oníyọ̀ lè lu ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Èyí tí owó rẹ̀ kéré ni irin lásán tí a fi dígí yíyọ́ bo inú rẹ̀. A ti ọ̀pá magnesium kan bọ inú rẹ̀, kí omi lè máa jẹ ọ̀pá náà dípò irin. Ẹni tí ó bá mọ ẹbọ ìpààrọ̀ kò ní bèèrè àlàyé. Bí ọ̀pá bá tán tí a kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, irin ni ó kàn. Mo sọ fún un pẹ̀lú pé kí omi inú táǹkì má ṣe rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius, nítorí kòkòrò Legionella, tí a dá mọ̀ lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Philadelphia ní 1976, ń gbèrú nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní Kìṣí fúnra rẹ̀, ìdílé tí ó ní ìkòkò tí ó dára kò nílò táǹkì bẹ́ẹ̀. Ilé ìgbẹ̀bí ni mo ń rò. Igi ń tán ní Òkè-Ògùn nítorí èédú, wọn kò sì dá igi òrí pàápàá sí. Oòrùn kò tán. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, ní Sókótó, ti ṣe ẹ̀rọ tí oòrùn fi ń gbé omi gbóná, a sì lè so irú rẹ̀ mọ́ táǹkì onípáìpù, kí ẹfun omi kànga má baà dí ẹ̀rọ tí ó wà lórí òrùlé. Kí ẹni tí yóò kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ rántí fi àyè sílẹ̀ láàárín orí táǹkì àti àjà. Òkè ni wọ́n sábà máa ń gbà yọ ọ̀pá magnesium, ó sì gùn. Ibi tí táǹkì bá ti kan àjà, kò sí ẹni tí yóò lè fà á jáde.